Ìyọkúrò: Ìṣirò Tí Àwọn Awọnlẹ̀ Fi To Ilẹ̀ ní Accra

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní Accra, àti èyí tí ó jókòó sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, ìṣòro kan náà ni wọ́n sábà máa ń bá pàdé: ìdọ́gba méjì, ohun àìmọ̀ méjì, kí wọ́n wá iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Àjọ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí tèwe tàgbà mọ̀ sí WAEC, ni ó so àwọn ọmọ náà pọ̀. Ọdún 1952 ni a dá àjọ náà sílẹ̀, Accra sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọ̀nà tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ wọn kò yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì: sọ ìdọ́gba kan di ìlọ́po, yọ ọ́ kúrò lára èkejì, ohun àìmọ̀ kan yóò sì kúrò lójú. Orúkọ tí ó bá ọ̀nà yìí mu jù ní Yorùbá ni ìyọkúrò.

Ohun tí olùkọ́ kì í sábà sọ ni ibi tí ọ̀nà náà ti wá àti iṣẹ́ tí ó ti ṣe láyé. Nítorí èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rò pé ńṣe ni a hùmọ̀ rẹ̀ láti fi dá àwọn ọmọ lágara. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ìlú Accra tí a ti ń tọ́jú ìwé ìdánwò náà gan-an, ìyọkúrò wà lára irinṣẹ́ tí a fi pinnu ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan parí sí àti ibi tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà lójú ọjà, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti yé ènìyàn jù. Ní Makola, ọjà ńlá tí a kọ́ sí àárín Accra ní 1924, olonka ni orúkọ agolo tí wọ́n fi ń wọn gàrí àti ẹ̀wà, bí kóńgò ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn. Bí oníbàárà kan bá ra olonka gàrí mẹ́ta àti olonka ẹ̀wà méjì, tí ó san sídì 80, tí èkejì ra gàrí méjì àti ẹ̀wà mẹ́ta, tí òun san sídì 95, ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè má gbọ́ iye olonka kan, kí ó jẹ́ àpapọ̀ owó nìkan ni ó gbọ́. Kí ó sọ ọjà oníbàárà kìíní di ìlọ́po mẹ́ta: gàrí mẹ́sàn-án àti ẹ̀wà mẹ́fà ní sídì 240. Kí ó sọ ti èkejì di ìlọ́po méjì: gàrí mẹ́rin àti ẹ̀wà mẹ́fà ní sídì 190. Ẹ̀wà ti dọ́gba ní ìhà méjèèjì. Bí ó bá wá yọ ti èkejì kúrò lára ti ẹni kìíní, kò sí ẹ̀wà mọ́; gàrí márùn-ún ni ó ṣẹ́kù, ní sídì 50. Olonka gàrí kan jẹ́ sídì 10. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀wà yóò tó padà wá: nínú sídì 80 ti oníbàárà kìíní, 30 jẹ́ ti gàrí, 50 tó kù jẹ́ owó ẹ̀wà méjì, olonka ẹ̀wà kan sì jẹ́ sídì 25.

Pípadà wá tí ẹ̀wà padà wá yìí ni ó jẹ́ kí ìyọkúrò dára ju ìparẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Ohun tí a pa rẹ́ ti lọ nìyẹn. Ohun tí a yọ kúrò wà ní ibì kan, a sì lè lọ mú un wá nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Èrò náà kò sì ṣàjèjì sí ẹni tí ó ń fi Yorùbá kà nǹkan: àádọ́ta, àádọ́rùn-ún, márùndínlógójì, yíyọ ni a fi kọ́ gbogbo wọn. Ó ṣeni láàánú pé àwọn olùkọ́ kì í sábà rántí èyí bí wọ́n bá dé kíláàsì aljẹ́brà.

Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí sínú ìwé lẹ́sẹẹsẹ. Ìwé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Orí Mẹ́sàn-án lórí Ọgbọ́n Ìṣirò; ó ti wà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Liu Hui sì kọ àlàyé lé e lórí ní ọdún 263 sànmánì Kristẹni. Ìyọkúrò ni iṣẹ́ orí kẹjọ ìwé náà, ìṣòro 18 ni ó sì wà nínú rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkà. Ìdì mẹ́ta ọkà tó dára jù, méjì èyí tó tẹ̀ lé e, àti ọ̀kan èyí tó kẹ́yìn, mú òṣùwọ̀n 39 jáde. Méjì, mẹ́ta àti ọ̀kan mú 34. Ọ̀kan, méjì àti mẹ́ta mú 26. Igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń tò sórí pátákó láti fi ṣe ìṣirò náà, pupa fún iye tí ó wà lọ́wọ́, dúdú fún iye tí ó jẹ́ gbèsè. Èsì rẹ̀ ni 9¼, 4¼ àti 2¾. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Yúróòpù ọ̀rọ̀ náà pẹ́ díẹ̀. Isaac Newton ṣàkíyèsí pé àwọn ìwé aljẹ́brà ìgbà tirẹ̀ fo ẹ̀kọ́ yìí dá, ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ sì jáde ní 1707. Síbẹ̀, orúkọ Carl Friedrich Gauss, ọmọ Jámánì, ni ó lẹ̀ mọ́ ọn lónìí. Kò tọ̀nà tán, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó hùmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gauss gbé e lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé e dé rí, ibẹ̀ ni ó sì ti kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1801 ni a rí ohun kékeré kan lójú ọ̀run tí a pè ní Ceres. Kò pẹ́ tí ó fi sọnù sínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Gauss fi ìwọ̀nba àkíyèsí tí àwọn awòràwọ̀ ti kọ sílẹ̀ ṣírò agbègbè tí yóò ti tún yọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí i nígbà tí ọdún náà ń parí lọ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pé ìmọ̀ kéré ju ohun àìmọ̀ lọ. Àkíyèsí ju ohun àìmọ̀ lọ ni, kò sì sí méjì nínú wọn tí ó fohùn ṣọ̀kan délẹ̀délẹ̀, nítorí pé ojú ènìyàn àti ẹ̀rọ a máa ṣe àṣìṣe. Bí ìdọ́gba mẹ́wàá bá wà fún ohun àìmọ̀ mẹ́fà, tí wọ́n sì ń ta ko ara wọn díẹ̀díẹ̀, èwo ni a óò gbà gbọ́? Legendre, ọmọ Faransé, ni ó kọ́kọ́ tẹ èsì kan jáde ní 1805. Gauss tẹ tirẹ̀ ní 1809, ó sì ní òun ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́. Èsì náà ni pé kí a má ṣe gba ọ̀kankan gbọ́ tán, kí a má sì ṣe kọ ọ̀kankan. Kí a ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí gbogbo wọn, kí àpapọ̀ àwọn àtúnṣe náà, lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, jẹ́ èyí tó kéré jù lọ. Ohun tí ó máa ń jáde láti inú òfin yìí ni ìdọ́gba tí iye wọn kò ju iye ohun àìmọ̀ lọ, ìyọkúrò ni Gauss sì fi ń tú wọn. Ní àwọn ọdún 1820 ó mú ọ̀nà náà kúrò lójú ọ̀run wá sórí ilẹ̀, ó fi wọn ilẹ̀ Hanover.

Àwọn awọnlẹ̀ gbogbo ayé ni ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ Gauss, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bá ọkọ̀ ojú omi wọ Gold Coast, orúkọ tí Gánà ń jẹ́ kí ó tó gba òmìnira ní 1957.

Ilẹ̀ ni ó fa ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ní 1897 ìjọba amúnisìn gbé àbá òfin kan kalẹ̀ tí yóò fún un ní àṣẹ lórí ilẹ̀ tí ó pè ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò. Àwọn ọlọ́jà, agbẹjọ́rò àti ọba etíkun kò gbà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ olùgbèjà ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀ ní Cape Coast, wọ́n sì rán aṣojú lọ sí London ní 1898, Jacob Wilson Sey ni ó ṣíwájú wọn. Àbá náà wọlẹ̀. Ilẹ̀ dúró sọ́wọ́ onílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá àwọn tí ń wá wúrà dúró. Lọ́dọ̀ àwọn ọba gan-an ni wọ́n wá ń lọ báyìí láti gba ilẹ̀ lórí ìwé. Odò, ọ̀nà oko tàbí igi ńlá kan ni wọ́n fi ń júwe ààlà, ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kan gbà a sì máa gun orí ti èkejì. Òfin kan jáde ní 1900 tí ó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ síwájú ilé ẹjọ́, tí ó sì ní kí a wọn ilẹ̀ náà.

Ta ni yóò wọ̀n ọ́n? Ẹni tí ìbá mọ ọ̀nà jù ti kú. George Ekem Ferguson, ọmọ Fante tí a bí ní Anomabo ní 1864, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní London, ti fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ àríwá já, ó sì ti ya àwòrán rẹ̀ fún ìjọba. Wọ́n pa á lẹ́bàá Wa ní 1897. Ní 1902 ni Gordon Guggisberg, ọmọ bíbí Kánádà tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé síbi iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ Gold Coast. Láti 1905 sí 1908 òun ni ọ̀gá àgbà iṣẹ́ náà. Ní 1910 wọ́n gbé e lọ sí Gúúsù Nàìjíríà fún irú iṣẹ́ kan náà, tó fi jẹ́ pé ọ̀gá kan náà ni ó darí wíwọn ilẹ̀ wúrà àwọn Akan àti wíwọn ilẹ̀ àwọn Yorùbá. Ó padà sí Accra gẹ́gẹ́ bí Gómìnà ní 1919, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1927. Ilé ìwòsàn Korle Bu àti ilé-ẹ̀kọ́ Achimota ni àwọn ènìyàn fi ń rántí rẹ̀. Awọnlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́.

Igbó ni ó le jù nínú iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ gbalasa, awọnlẹ̀ lè gun òkè kan kí ó wo òkè mìíràn lókèèrè, kí ó sì fi igun wọn ṣe ìṣirò. Nínú igbó kìjikìji, ojú kò lè ríran jìnnà. A ní láti fi àdá la ọ̀nà tóóró, kí a sì máa wọ̀n ọ́n ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, igun kan, gígùn kan, igun kan, gígùn kan, títí a ó fi dé òpó mìíràn tí a ti mọ ibi tí ó wà. Níbi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe kékeré kan á wọlé. Nígbà tí ọ̀nà bá fi padà dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í pàdé.

Àpẹẹrẹ kékeré kan, tí a ṣe fún àlàyé lásán, yóò fi hàn. Òpó A wà létí òkun. Awọnlẹ̀ wọ̀n ọ́n pé òpó B fi ẹsẹ̀ bàtà 10.2 ga ju A lọ, pé D fi 5.1 ga ju B lọ. Lọ́jọ́ kejì ó gba ọ̀nà mìíràn, ó wọn A sí D tààrà, ó rí 15.6. Ṣùgbọ́n 10.2 àti 5.1 jẹ́ 15.3. Ẹsẹ̀ bàtà 0.3 ń jà. Ọ̀lẹ awọnlẹ̀ lè ti gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n tí ó ṣe kẹ́yìn. Ohun tí èyí túmọ̀ sí lórí ilẹ̀ ni pé ẹni tí oko rẹ̀ bá wà níbi tí ìrìn náà parí sí ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ọ̀nà, kì í ṣe nítorí pé wọ́n wọn tirẹ̀ láìdáa, bí kò ṣe nítorí pé òun ni ó wà lẹ́yìn.

Òfin Gauss àti Legendre sọ nǹkan mìíràn. Ó sọ ìwọ̀n mẹ́ta náà di ìdọ́gba méjì: ìlọ́po méjì B, dín D, jẹ́ 5.1, ìlọ́po méjì D, dín B, jẹ́ 20.7. Sọ ìdọ́gba kìíní di ìlọ́po méjì, kí o pa á pọ̀ mọ́ èkejì: D kúrò, ìlọ́po mẹ́ta B sì jẹ́ 30.9. B jẹ́ 10.3. Mú D padà wá: 15.5. Wàyí o, A sí B di 10.3, B sí D di 5.2, A sí D di 15.5; gbogbo rẹ̀ bára mu. Àṣìṣe 0.3 náà ti pín sí 0.1 lọ́nà mẹ́ta. Kò sí ìwọ̀n tí ó ru ju èkejì rẹ̀ lọ.

Ohun àìmọ̀ méjì nìyẹn, ọmọ ilé-ìwé lè ṣe é ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí òpó bá pọ̀, iṣẹ́ náà kì í pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ìlọ́po tí ẹni tó ń ṣírò gbọ́dọ̀ ṣe ń lọ pẹ̀lú iye ohun àìmọ̀ tí a fi ara rẹ̀ lọ́po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí a sì fi mẹ́ta pín: fún mẹ́wàá, ó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ, fún ogún, ó ju 2,600 lọ. Sọ òpó di ìlọ́po méjì, ìyà á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ènìyàn ni ó sì ń ṣe é, pẹ̀lú ìwé, lẹ́ẹ̀dì àti àtẹ logarithm. Ní Amẹ́ríkà, Myrick Doolittle tí ó ń bá ilé-iṣẹ́ ìwọn etíkun ṣiṣẹ́ di gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1870 nítorí ọ̀nà tí ó fi tú ìdọ́gba 41 láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Áfíríkà náà ní ìpín tirẹ̀: André-Louis Cholesky, ọ̀gá ọmọ ogun Faransé tí ó wọn ilẹ̀ ní Àlgéríà àti Tùnísíà, hùmọ̀ ọ̀nà ìyọkúrò kan tí ó gé iṣẹ́ náà kúrú gan-an. Ó kú lójú ogun ní oṣù Kẹjọ 1918, ọ̀nà rẹ̀ kò sì jáde nínú ìwé títí di 1924. Lónìí orúkọ rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣe ìṣirò.

Ohun tí àwọn awọnlẹ̀ Gold Coast kọ́ kò mọ sí Gold Coast. James Clendinning, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn awọnlẹ̀ níbẹ̀ rí, ni ó tún ìwé David Clark lórí ìwọnlẹ̀ ṣe, ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń pín àṣìṣe ìwọ̀n wà nínú rẹ̀.

Ní Accra, iṣẹ́ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn di ìpìlẹ̀ kan tí a so mọ́ 1929, tí a sì ń pè ní ìpìlẹ̀ Accra: òpó kan tí a gbà pé a mọ ibi tí ó wà, àti àwòrán ayé kan tí a gbà pé ilẹ̀ ayé rí bẹ́ẹ̀. Láti ara àwọn méjèèjì yìí ni nọ́mbà òpó yòókù ti ń wá. Ẹsẹ̀ bàtà tí a fi wọ̀n wọ́n jẹ́ ti ilẹ̀ náà nìkan, ẹsẹ̀ bàtà Gold Coast, tí ó fi bín-íntín yàtọ̀ sí ti àwọn ẹlòmíràn. Ó jẹ́ mítà 0.3047997, nígbà tí ẹsẹ̀ bàtà tí gbogbo ayé ń lò nísinsìnyí jẹ́ 0.3048. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan lójú, àmọ́ kìlómítà kan lé igba ni yóò fi ṣìnà pẹ̀lú nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà ogún. Ní 1978 a fi ìpìlẹ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, tí a sọ lórúkọ òpó kan ní Legon. A pààrọ̀ àwòrán ayé, ṣùgbọ́n nọ́mbà tí òpó Legon yìí ní nínú ìpìlẹ̀ Accra ni a fi sílẹ̀ fún un. Ìṣirò àwọn tó ti lọ ni ìpìlẹ̀ tuntun náà fi ṣe àga jókòó.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí agbára ìyọkúrò mọ. Ó lè pín àṣìṣe dọ́gba. Kò lè mọ irọ́. Bí àgbà kan bá dúró nínú igbó tí ó nawọ́ sí igi tí kì í ṣe igi ààlà, ìdọ́gba á gba igi náà gẹ́gẹ́ bí òótọ́, á sì fi ìdámẹ́wàá ẹsẹ̀ bàtà sọ ibi tí ó wà. Pèrègún tí àwọn Yorùbá ń gbìn sí ààlà, ẹnu àwọn tí ó gbìn ín ni ó fún un ní ìtumọ̀. Òpó kọńkéré kò ní ẹnu. Ẹjọ́ ilẹ̀ kò sì dín kù ní Accra nítorí pé a ní nọ́mbà; òfin ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ jáde ní 1986, òfin ilẹ̀ mìíràn tún jáde ní 2020, ẹjọ́ ṣì ń lọ. Bákan náà ni kò sí àmì kankan nínú ìdọ́gba fún àwọn tí ó fi àdá la ọ̀nà, tí ó fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀, tí ó sì ru ẹ̀rọ lórí. Àṣìṣe ọwọ́ wọn nìkan ni ó wọ inú ìṣirò, láìsí orúkọ.

Sátẹ́láìtì ni awọnlẹ̀ ń lò báyìí, wọ́n sì ń fún un ní nọ́mbà ní mítà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ àtijọ́, pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà Gold Coast rẹ̀, ṣì wà nínú àpótí àwọn ìdílé àti lórí tábìlì àwọn agbẹjọ́rò. Láti mú ti àtijọ́ bá ti ìsinsìnyí mu, ohun àìmọ̀ méje ni a sábà máa ń wá: mẹ́ta fún bí a ó ṣe sún ìpìlẹ̀ àtijọ́ kúrò ní ààyè rẹ̀, mẹ́ta fún bí a ó ṣe yí i, ọ̀kan fún bí a ó ṣe fẹ̀ ẹ́ tàbí sún un kì. Awọnlẹ̀ á wá àwọn òpó tí ó ní nọ́mbà ní ìhà méjèèjì. Òpó kọ̀ọ̀kan ń mú ìdọ́gba mẹ́ta wá. Òpó mẹ́ta péré ti mú mẹ́sàn-án wá fún ohun àìmọ̀ méje, wọn kì í sì í fohùn ṣọ̀kan. Á pín àṣìṣe wọn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ohun àìmọ̀ náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.